Ìgò Tí Ìyá Amọ̀kòkò Pè Ní Hàǹtú

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí agbè omi tí mo ń rù fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù mí lọ, ilé wa ní Òkèlele kì í dákẹ́ ariwo kéwú. Bàbá mi ni àfáà àdúgbò. Lẹ́yìn àsùbáà làwọn ọmọ á ti jókòó yí i ká, oníkálukú pẹ̀lú wàláà rẹ̀, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí a fi ẹfun kùn kí a tó fi tàdáwà kọ Alùkùráánì sí i. Bí ọmọ bá ti mọ ti ojú wàláà náà, a ó fọ̀ ọ́ kí a lè kọ òmíràn. Omi tí a fi fọ̀ ọ́ kì í ṣe omi àdànù. Hàǹtú nìyẹn. A kì í dà á síbi tí ẹsẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́. Aláìsàn ń mu ún, aboyún ń mu ún, ẹni tó ń lọ sírìnàjò ń mu ún. Bí àfáà bá dìídì kọ ọ́ fún èèyàn, inú ìgò ló ń rọ ọ́ sí lọ sílé, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ìgò sì ṣọ̀wọ́n nígbà náà o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ju ìgò lu ajá lónìí, ẹ ò lè mọ̀. Èyí táwọn òyìnbó bá lò tán làwọn ìyá wa máa ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ògiri kan ló wà láàrin àwa àti ìyá kan tó ń mọ ìkòkò. Ẹnu rẹ̀ mú púpọ̀. Bí oníbàárà bá ní ọjà rẹ̀ ti wọ́n jù, á ní, "Ìkòkò mi á pẹ́ nílé rẹ ju ọkọ rẹ lọ, kò sì ní í fẹ́ ìyàwó lé ọ." Gbogbo agboolé á bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹni tó ń pa wá lẹ́rìn-ín yìí, ọmọ ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún un láyé. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni ọmọ náà ti kéwú. Nígbà tó dàgbà, ó bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lọ sí Jẹ́bà, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń fi irin ṣe afárá sórí odò Ọya. Òjò rọ̀, ọyẹ́ fẹ́, a kò gbúròó rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń lọ síbẹ̀ pọ̀ ju ẹni tó ń bọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sọ ìyẹn sétí ìyá rẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń bá a po amọ̀ nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, tòun ti ẹrù kékeré kan lábẹ́ abíyá. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní ará Ọ̀fà lòun, Jẹ́bà lòun ti ń bọ̀.

"Ẹrù ọmọ yín rèé, ìyá. Wọ́n ní kí n kó o fún yín."

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Mo gbé omi fún un bí a ti ń ṣe fún àlejò. Kò gbà á. Oòrùn mú ganrínganrín lọ́jọ́ náà, ètè rẹ̀ ti là, síbẹ̀ kò fẹnu kan omi ilé yẹn. Ó jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Fìlà kan ló wà nínú ẹrù náà, àti bùbá kan tí wọ́n fi wé ìgò. Omi inú ìgò náà ní àwọ̀ ewé. Nígbà tí ìyá ṣí i, òórùn kan jáde tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, bí ìgbà tí èèyàn bá run ẹ̀fìnrìn sínú oyin, ṣùgbọ́n kíkorò wà nídìí rẹ̀. Ìyá tọ́ ọ wò, gbogbo ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. Ó ní kí n bu omi wá nínú igbá. Bó ṣe da díẹ̀ sí i báyìí, omi náà funfun lójú wa, ó rí gẹ́lẹ́ bí omi wàláà tí ẹfun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ kúrò.

"Hàǹtú ni!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ọmọ mi ti bá mi gba hàǹtú lọ́wọ́ àwọn àfáà Tápà tó wà lódìkejì odò. Hàǹtú kí a tètè fojú kanra ni."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún nìyẹn, lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsárì, níwọ̀nba, pẹ̀lú bísímílà. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì ògiri. Á bá ẹnì kan wí, á dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì, á tún rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó wá ra ìkòkò bi í léèrè pé, "Ìyá, ta lẹ̀ ń bá jà níbẹ̀ yẹn?"

"Ọmọ mi mà ni. Ó ní òun ò jẹ ẹ̀kọ."

Obìnrin yẹn kò dúró gba ìkòkò tó rà.

Mo lọ bá a fọn iná nírọ̀lẹ́ kan. Mo fẹ́ gba ọ̀dọ̀ awọ àgbò tó tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kọjá, ló bá ní, "Yà fún un, ọmọ mi. Wàá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀." N kò rí ẹnikẹ́ni. Mo yà fún un. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọjá, mo wo awọ náà, irun rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ láàrin, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó sí i tó sì wúwo. Òórùn inú ìgò yẹn gba gbogbo ibẹ̀. Títí mo fi dàgbà yìí, n kò tíì lè sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ọkùnrin ará Ọ̀fà yẹn padà wá. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ló gbà lọ lọ́tẹ̀ yìí. Èmi àti ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, a sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò lè sọ ọ́ lójú ìyá náà lọ́jọ́sí, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kí òun gbádùn láti ìgbà náà. Ọmọ yẹn ti kú. Ibà ló pa á, etí odò Ọya ni wọ́n sin ín sí.

"Ìgò tó wà nínú ẹrù ńkọ́?" bàbá mi bi í.

Ó ní kúkù, ìyẹn alásè, lòun, ọ̀dọ̀ òyìnbó kan náà lòun àti ọmọ yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Òyìnbó náà kì í ṣe ìran àwọn tó ń ṣàkóso wa, Faransé ni. Ohun mímu ìlú rẹ̀ ló wà nínú ìgò. Ewé tí wọ́n fi ṣe é, ẹnikẹ́ni kì í gbìn ín. Àárín òkúta lórí òkè ló ń hù sí fúnra rẹ̀, ó rí bí eérú, ó korò ju ewúro lọ. Ìyá òyìnbó náà àtàwọn obìnrin ilé wọn ló ń gun òkè lọ ká a nígbà tó bá yọ òdòdó, wọ́n á so ó rọ̀ sí àjà kó gbẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ mọ́ èso olóòórùn dídùn, wọ́n á sè é, ooru rẹ̀ ni wọ́n á gbà padà bí omi. Nírọ̀lẹ́, òyìnbó náà á gbé ṣúgà lé ṣíbí oníhò, á máa kán omi lé e títí á fi funfun. Ó máa ń ní bí òun bá ti ń wò ó, òun ń rí òkè ilé àwọn. Nígbà tí ibà dá ọmọ yẹn dùbúlẹ̀, òyìnbó náà ń fi ṣíbí fún un mu bí oògùn, kò ràn án. Nígbà tí ọmọ náà kú, òyìnbó náà fi èyí tó kù sínú ẹrù rẹ̀, ó ní òun kò lè wò ó mọ́.

Ọwọ́ bàbá mi dúró lórí tẹ̀súbáà. "Ọtí ni?"

"Ọtí ni, Àfáà. Ọtí líle."

Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ìyá mi ní, "Bàbá Àfáà, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Kò mọ̀, kò sì lẹ́ṣẹ̀."

"N kò sọ pé ó lẹ́ṣẹ̀. Ọmọ yẹn ni mò ń rò. Mo kọ́ ọ ní kéwú láti bísímílà. Ó wà nínú ilẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó ṣe fídáù fún un, nítorí ìyá rẹ̀ rò pé ó wà láyé."

"Òkú lè ní sùúrù. Ìyá yẹn ńkọ́?"

Bàbá mi kò lọ sọ fún ìyá náà. Ó ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la. Èmi tí mo jẹ́ ọmọdé rí i pé bó bá ti gbọ́ ohùn ìyá láti òdìkejì ògiri, ṣe ló máa ń dìde kúrò níbi tó jókòó sí.

Ìyá amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ ló wá bá a. Ó gbé ìgò náà lọ́wọ́, ó ti ń tán lọ. Ó kúnlẹ̀. "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ irú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ mi, ẹ̀ẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀."

Bàbá mi mú wàláà. Ó rẹ gègé sínú tàdáwà. Ó gbé e dání títí tàdáwà fi kán sí i láṣọ. Lẹ́yìn náà ló gbé gègé sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, jẹ́jẹ́, láìfi ọ̀kan pa mọ́.

A ń retí igbe. Kò ké. Ó ní, "Mo mọ̀, Àfáà. Ọkùnrin yẹn kò mu omi mi. Ẹni tó mú ìròyìn rere wá kì í kọ omi." Ó wo ìgò ọwọ́ rẹ̀. "Àmọ́ ó ń wá. Ọtí ni o, hàǹtú ni o, ọmọ mi ń wá. Bí a bá ṣe fídáù fún un, ṣé á ṣì máa wá?"

Bàbá mi, tó máa ń dáhùn ìbéèrè gbogbo èèyàn, ń nu tàdáwà tó kán sí i láṣọ. Nígbà tó yá ó ní, "Àdúrà ni yóò máa lọ bá a, ìyá. Á sinmi."

"Òun á sinmi," ni ìyá wí. "Ó dáa. Ẹ ṣe é."

A ṣe fídáù náà. Wọ́n ka Alùkùráánì, ìyá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín sàráà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo dúró sẹ́bàá ògiri, mo dẹtí. Kò sí ohùn kankan. Kò sí i lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Mo bẹjú wò ó, ó jókòó, ó dojú kọ awọ àgbò, irun awọ náà sì dúró ṣánṣán. Ìyá amọ̀kòkò ṣì mọ ìkòkò pẹ́ títí lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kó fi ọkọ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ayé ti yí o, ọmọ mi. Lónìí, bí èèyàn bá kú sí Èkó tàbí ìlú òyìnbó, wáyà á ti dé kí ara òkú tó tutù. Ẹnikẹ́ni kì í dúró nínú àìmọ̀ mọ́, mi ò sì sọ pé kò dáa. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n kú la mọ̀, a sì ṣe fídáù wọn lásìkò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá jókòó tì mí rí.