Sìkáàfù Ìyá Mi àti Nọ́ńbà Tí Kì Í Tán

Ní kékeré mi, ẹ̀yin ọmọ wa, Krofrom, ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà, ni à ń gbé, sìkáàfù ni ìyá mi sì ń tà lọ́jà. Kì í wọn aṣọ. Á mú igun rẹ̀ kan, á ká a dé etí kejì kó lè rí ibi tí igun mẹ́rin yóò ti dọ́gba, á fi eyín gé etí rẹ̀ díẹ̀, á sì fà á ya, fàà! Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ìgbà tó yá, ìjọba pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Ìyá mi ní ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará wa kò ní. Kò pẹ́ tí àwọn ìsọ̀ tó yí tiwa ká fi ṣófo, àga sì pọ̀ ju èèyàn lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù nìyẹn. Ó ní, "Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Kí ló ṣẹ́kù fún wa níbí?" Ilé wo? Èmi tí wọ́n bí sí Kumasi, tí n kò mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìdánwò mi sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀! Ẹkún ni mo ń sun kiri.

Àárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni tíṣà ìṣirò wa, ọmọ Aṣánti kan tó fẹ́ràn nọ́ńbà ju oúnjẹ lọ, kọ ọ̀kan sójú pátákó: 1.6180339887… Ó kọ ọ́ títí àyè fi tán. Ó ní àwọn tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì yẹn kì í tán láé. Ó ní bí a bá fi nọ́ńbà náà sọ ìbú bébà kan di púpọ̀, tí a fi iye tó jáde ṣe òòró rẹ̀, tí a wá gé igun mẹ́rin tó dọ́gba kúrò níbẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù á kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ á bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí. Aṣọ ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn.

Mo sáré délé, mo wọn aṣọ méjì bẹ́ẹ̀. "Maame, mesrɛ wo, mo bẹ̀ yín, ẹ fa ọ̀kan ya."

Ó pòṣé. "Nọ́ńbà tí kì í tán? Ta ni yóò ra ìyẹn?" Síbẹ̀ ó ká igun, ó fà á ya. Mo tẹ́ èyí tó ṣẹ́kù sí igun aṣọ kejì, mo ta òwú láti igun yẹn dé igun tó dojú kọ ọ́, òwú náà sì gba orí igun ti kékeré kọjá láì yẹ̀: ìrísí kan náà ni wọ́n! Òun fúnra rẹ̀ tún fa kékeré yẹn ya. Bákan náà ló rí.

Ìyá mi fọwọ́ pa aṣọ náà. "Wọ́n ti gé èyí tó tóbi lọ," ó ní, "èyí tó ṣẹ́kù ṣì jọ ìyá rẹ̀. Àwa tó ṣẹ́kù níbí náà ńkọ́?" Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ tú ẹrù tó ti dì. Ayọ̀ mi kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ṣe ìdánwò mi, mo sì yege. Láti ìgbà náà, sìkáàfù ìyá, ti ọmọ àti ti ọmọ ọwọ́ ló ń fà yọ lára aṣọ kan ṣoṣo, wàràwàrà ló sì ń tà.

Lónìí, ọmọ-ọmọ mi á tẹ fóònù, nọ́ńbà náà á máa ya jáde bí òjò. Ẹ̀rọ ló ń gé aṣọ báyìí, kò sẹ́ni tó ń fi eyín gé e mọ́. Inú mi dùn sí i, ayé ń lọ síwájú. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ ìsinmi, tí àga kò tó wa jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ̀ ń da Twi pọ̀ mọ́ Yorùbá nínú orin, ìbéèrè ìyá mi á tún sọ sí mi lọ́kàn. Kí ló ṣẹ́kù fún wa níbí?

Ẹ̀yin ni.