Onífìlà Ìyá Àgbà

Kò sí sinimá ní Tchaourou. Ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù ńlá á wọ tasí lọ sí Parakou, eruku á sì kùn ún lójú kó tó débẹ̀. Èmi àti tonton ṣe bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀, torí pé apá ìkẹyìn fíìmù jagunjagun kan tí à ń pè ní onífìlà ti dé. Àbúrò bàbá mi ni tonton, àmọ́ a jọ dàgbà ni, tonton ẹnu lásán ni mò ń pè é.

Ìyá àgbà, tó bí i, ló ni onífìlà gan-an. Ilé la ti wo gbogbo apá yòókù, èmi ni mò ń túmọ̀ Faransé sí Nàgó fún wọn. Iṣẹ́ onífìlà kò ju kó máa jagun, kó sì máa wá ọ̀nà ilé. Ìyá àgbà a máa pariwo mọ́ ọn: "Wo ẹ̀yìn rẹ! Ṣé o ò rí wọn ni?" Wọ́n ní bó ṣe ń dẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jọ ti bàbá àgbà, òṣìṣẹ́ ojú irin, tí wọ́n kú sí ọsibítù ní Kutọnu láìsí ẹnì kankan nínú wa nítòsí. Èmi kò rí ìjọra kankan, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi mọ́.

Orúnkún kò jẹ́ kí Ìyá àgbà lè rìnrìn àjò mọ́. "Ẹ bá mi wò ó wá," ni wọ́n wí. "Kí ẹ ṣáà ti sọ fún mi pé ó délé."

Kò délé. Ó ti ń rí òrùlé ìyá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí wọ́n pa á, lójú títì, òun nìkan, nínú òjò. Tonton tó ń fẹnu gbígbóná dẹ́rù ba gbogbo àgbẹ̀ tó ń ra kajú lọ́wọ́ wọn ní Bétérou ń fi apá bùbá nu ojú. Inú bí mi débi pé ká ní mo rí ẹni tó ṣe fíìmù yẹn, ǹ bá bá a jà.

Nínú tasí, mo ní ká kúkú parọ́ pé ó délé.

"Non!" ni tonton wí. "Wọn kì í fi òkú parọ́. A ó túfọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Èmi ni àgbà, èmi ni mo máa sọ̀rọ̀."

Nílé wa, wọn kì í ju ọ̀rọ̀ ikú lu àgbàlagbà. Wọ́n á kọ́kọ́ jókòó, wọ́n á gba omi, wọ́n á ní ara onítọ̀hún ò yá, wọ́n á ní ó le díẹ̀, títí ọkàn ẹni tó ń gbọ́ yóò fi ṣíwájú ẹnu wọn débẹ̀.

Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán nígbà tí a wọlé. A jókòó, tonton sì gba omi.

"Màmá, onífìlà... bon, ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá."

"Kí ló ṣe é?"

"Orí fífọ́," ni mo sọ kí n tó mọ̀.

"Orí fífọ́ kẹ̀? Ẹni tí ìbọn ò rí gbé ṣe!"

"Donc, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù," ni tonton wí. Kò sí ọsibítù kankan nínú fíìmù náà láti apá kìíní. Mo bu ètè mi jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà wo omi tí tonton gbé dání tí kò mu. Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn sílẹ̀.

"Ìnnálílláhì," ni wọ́n wí. Ẹ̀rín tó ń gbọ̀n mí kásẹ̀ nílẹ̀. "Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Tonton ló dáhùn: "Àwa ni, Màmá. A kún ibẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo wa la sì sunkún."

Irọ́ kọ́ nìyẹn, kò sí àga tó ṣófo ní sinimá náà. Ìyá àgbà mi orí fún ìgbà pípẹ́.

"Tirẹ̀ tiẹ̀ dáa ju ti bàbá rẹ," ni wọ́n wí.