Ilé Ẹnu Géètì ní Accokeek

Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ bíríkì bíi tèmi ní gbogbo agbègbè yìí, ẹ bi ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, abẹ́ ọ̀gá ni mo ṣì wà nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa tún bíríkì ṣe nínú ọgbà ńlá àtijọ́ kan ní Accokeek, ìlú kan nílẹ̀ òyìnbó níbí. Mo ní tí mo bá rí iṣẹ́ yìí gbà, èmi náà di ọ̀gá.

Èmi àti ìyàwó mi wa mọ́tò débẹ̀. Ilé bíríkì pupa kan wà lẹ́nu géètì, òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó, ihò èéfín rẹ̀ lọ́ bí irun dídì. Orí mi wú.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, ilé olówó kọ́ nìyí. Ó ti kéré jù."

Mo ní, "Ta ló mọ bíríkì nínú àwa méjèèjì?"

Òyìnbó arúgbó kan jáde, mo sì nà gbalaja síwájú rẹ̀. Ó rò pé mo dákú ni, ló bá ń tú bọ́tìnnì ọrùn mi. Mo ní, "Sà, mò ń kí yín ni. Ẹ kú ilé ńlá."

Ó ní, "Èmi kẹ̀? Géètì ni mò ń ṣọ́. Ilé ọ̀gá wà lẹ́yìn igi lọ́hùn-ún."

Ìyàwó mi ti jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó mí. "Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mẹ́gáàdì!"

Mo ní iṣẹ́ bíríkì ni mo bá wá. Bàbá náà pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó rò ó fún un. Ọ̀gá fẹsẹ̀ rìn wá, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní torí kí àlejò lè rò pé ilé olówó nìyẹn gan-an ni àwọn bàbá ńlá òun ṣe kọ́ ilé ẹnu géètì náà lẹ́wà tó yẹn, ṣùgbọ́n òun ò tíì rí ẹni tó gbà á gbọ́ tó mi. Ló bá gbé iṣẹ́ náà fún mi.

Ìyàwó mi ní oríire ni. Mo ní rárá o, ojú tó mọ iṣẹ́ ni.