Omi Ẹsẹ̀ Pèrègún

Fáànù ńlá kan wà lórí òrùlé ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìsọlọ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láàárọ̀, inú á ti bí mi kí n tó rántí ohun tó ń bí mi nínú.

Ìyá àgbà ló tọ́ mi dàgbà ní abúlé wa lápá Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, síméńtì lẹ fi ń pààlà. Pèrègún ni tiwa. Òun ló la oko ìyá àgbà àti ti Bàbá Rẹ̀mí láàárín, ọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó purọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí bíi fáànù kalẹ̀, tí yóò máa fa omi fún abúlé, ilẹ̀ ìyá àgbà ni wọ́n yàn, wọ́n sì ní onílẹ̀ ni yóò máa mú kọ́kọ́rọ́ omi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí a lọ sọ́jà ni Bàbá Rẹ̀mí bẹ́ pèrègún ààlà mọ́lẹ̀, tó lọ gbin òmíràn sínú oko wa. Ẹ̀rọ bá bọ́ sápá ọ̀dọ̀ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì di tirẹ̀. Àwọn tó mọ òtítọ́ ń fẹ́ omi mu, wọ́n panu mọ́. Ìyá àgbà, pẹ̀lú orúnkún dídùn, wá ń pọnmi lódò.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi ò ní sùúrù ogún ọdún. Ìkánjú ò jẹ́ kí ọkùnrin yìí hú gbòǹgbò, mo sì rí i. Lójoojúmọ́ ni mò ń fọ abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí mò ń lọ da omi rẹ̀ sẹ́sẹ̀ àwọn kùkùté náà, tí mo sì ń ṣépè. Ìyá àgbà rò pé ìmọ́tótó ni.

Kí òjò tó dé, pèrègún ti rú lórí ààlà àtijọ́, gbọọrọ. Baálẹ̀ wò ó, ó wo Bàbá Rẹ̀mí. “Ṣé èyí náà gbin ara ẹ̀ ni?”

Bàbá Rẹ̀mí dọ̀bálẹ̀. Ìyá àgbà gba kọ́kọ́rọ́, ó sì forí jì í lójú ẹsẹ̀. Mo sunkún ìbínú lọ́jọ́ náà.

Ìyá àgbà ti lọ, ẹ̀rọ ọ̀hún ti dípẹtà. Ìbínú mi ò dípẹtà ní tiẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Bàbá Rẹ̀mí mú un wá kí mi. Ojú bàbá náà ò ríran mọ́. Mo bu omi wá fún àlejò, ṣùgbọ́n mo di ife náà mú, mi ò tíì gbé e fún un.

“Bàbá, ilẹ̀ ta ni?”

“Ilẹ̀ ìyá àgbà ẹ ni, ọmọ mi.”

Mo ní kí bàbá tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Mo wá gbé omi lé wọn lọ́wọ́.