Síìtì Ẹ̀yìn Yésúfù

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú Yésúfù dùn, ẹ má yìn ín pé ó mọ eré sá. Awakọ̀ wo ni kò mọ eré sá? Ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ rẹ̀ kì í gbọn èèyàn jìgìjìgì, ẹ óò rí bí ẹ̀rín yóò ṣe kún ẹnu rẹ̀.

Ó ti gbin ẹ̀gẹ́ rí ní Ìrókò, ó ti gun ọ̀kadà rí, kó tó di ẹni tó ń fi Máíkírà kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá ná Ìrókò sí Moniya. Àwọn arúgbó ni oníbàárà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ a máa kanjú, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ kún ni wọ́n á bọ́ sí. Ṣùgbọ́n bàbá tí orúnkún ń dùn, ìyá tí ìbàdí rẹ̀ kò gbádùn, abẹ́ igi ní gáréèjì ni wọ́n á jókòó sí, wọ́n á ní Yésúfù làwọn ń dúró dè. Kò sí gálọ́ọ̀pù kan lójú ọ̀nà náà tí Yésúfù kò mọ̀. Tó bá dé ibi tí ọ̀nà ti jẹ, á rọra gba ẹ̀gbẹ́, á sì kí ihò náà pé, "Ẹ kú ilé o," àwọn àgbà á sì bú sẹ́rìn-ín.

Nínú gbogbo wọn, ẹni tó ń gbé gẹ̀gẹ̀ jù ni Ìyá Akíntáyọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Mama ló kọ́ ọ ní A, B, D, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń wí nígbà náà pé ọmọ yìí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ní báyìí, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Mama ló ń jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n bá ń lọ sí ọsibítù ní Moniya nítorí ìbàdí wọn. Kí tíṣà ẹni gbé ara rẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́, kò kéré lójú Yésúfù. Ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọjọ́ tí Mama bá bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ọjọ́ náà lòun kò ní mọ ohun tóun ń wakọ̀ fún mọ́.

Nígbà tó yá, àìsàn mú Máíkírà. Bí Yésúfù bá ti fi í sí gíà báyìí, á dún gbì! Ó gbé e lọ bá Wándé, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Moniya, ẹni tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì ju oúnjẹ lọ. Wándé ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Yésúfù tẹ iná díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, síìtì ẹ̀yìn ló já."

Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè àwọn mẹkáníìkì, kó tẹ́tí. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣàdéédé dúró sínú ọkọ̀. Ó ní ohun tó ń jókòó lé, rọ́bà tí wọ́n fi irin yí ká, òun ni wọ́n ń pè ní síìtì. Èyí tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ni kì í jẹ́ kó máa fì síwá sẹ́yìn, òun gan-an sì ni gálọ́ọ̀pù ti bà jẹ́ mọ́ Yésúfù lọ́wọ́.

Wándé gbé méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ irú èyí tí ọkọ̀ náà bá wá láti ilé iṣẹ́, rọ́bà rẹ̀ rọ̀, àtàǹpàkò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èkejì le koko, irú èyí tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje ń lò.

"Èyí tó rọ̀ yìí á tún já lọ́jọ́ kan," Wándé wí. "Ṣùgbọ́n èyí tó le yìí, ẹ̀gbọ́n, ẹ ó lò ó títí ọkọ̀ á fi gbó. Ẹ́ńjìnnì ò ní lè mira. Ọkọ̀ kàn máa gbọ̀n díẹ̀ ni."

Yésúfù kò gbọ́ "díẹ̀" yẹn. Àbí ta ló ń gbọ́ "díẹ̀" nígbà tí wọ́n bá ti dárúkọ ohun tí kì í bàjẹ́? Èyí tó le ló mú. Ọkọ̀ ń gbọ̀n lóòótọ́ bó ṣe ń wà á padà sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n agbára ni Yésúfù pè é. Nígbà tó dé gáréèjì Ìrókò, kò lè pa ẹnu mọ́.

"Ẹ̀yin àgbà, mo ti pààrọ̀ síìtì ẹ̀yìn o! Èyí tí mo fi sí i yìí, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gan-an ò tó o!"

Àwọn àgbà ṣàdúrà fún un, àdúrà gidi. Ta ló ń jókòó sí síìtì ẹ̀yìn ọkọ̀ Yésúfù bí kò ṣe àwọn? Fóòmù tuntun tó nípọn ni kálukú ń rò lọ́kàn. Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Ìyá Akíntáyọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, wọn ò tilẹ̀ mú tìmùtìmù tí wọ́n máa ń gbé sábẹ́ ìdí dání.

Mama ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n fọwọ́ pa síìtì. Síìtì àtijọ́ náà ni, pẹ̀lú ojú ibi tó ti ya. Wọ́n ṣì jókòó. Yésúfù ṣíná sí ọkọ̀, ó di gbrrrrr! Ilẹ̀kùn ń gbọ̀n, díńgí ń gbọ̀n, awò ojú Mama sì ń rìn lọ sí ṣóńṣó imú wọn. Bàbá kan tó jókòó níwájú yára fọwọ́ di ẹnu mú, nítorí eyín tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àbímọ́.

"Yésúfù, paná ọkọ̀ yìí."

Ó paná.

"Síìtì tuntun dà?"

"Mà, òun ló ń gbọ̀n yẹn."

Mama wo ohun tí wọ́n jókòó lé, wọ́n wo ojú Yésúfù. "Ìwé ni mo kọ́ ẹ," ni wọ́n wí, "mi ò kọ́ ẹ nírọ́." Kí Yésúfù tó la ẹnu, wọ́n ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ti awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Joshua. Joshua sì fọn fèrè, fèrè tí kò sẹ́ni tó ní kó fọn.

Inú Yésúfù bàjẹ́ gidigidi. Kí Mama lọ, ó dùn ún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ pẹ̀lú èrò pé òpùrọ́ lòun, ìyẹn ló mú omi lé e lójú.

"Yésúfù," bàbá eléyín náà wí, "fóòmù tó o ní o rà dà?"

"Fóòmù wo, Bàbá?"

"Ṣebí ìwọ lo ní o pààrọ̀ síìtì ẹ̀yìn."

Yésúfù káwọ́ lérí. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tó yé e.

Kò gba ibòmíràn, ọ̀dọ̀ Wándé ló gbà lọ. "Yọ ọ́."

"Háà, ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ ò rí i bí ẹ́ńjìnnì ṣe dúró gbọin ni?"

"Mo rí i. Gbogbo jìgìjìgì tí ẹ́ńjìnnì kò gbọ̀n mọ́, ó ti kó o fún àwọn èrò mi."

Wándé rẹ́rìn-ín, ó yọ èyí tó le, ó fi èyí tó rọ̀ sí i. "Ó máa já lọ́jọ́ kan o."

"Jẹ́ kó já. Iṣẹ́ rẹ̀ náà ni kó máa bá wa jẹ ìyà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣáájú Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Yésúfù dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilé Ìyá Akíntáyọ̀. Ó tú bébà, ó kó síìtì méjì jáde, èyí tó le àti èyí àtijọ́ tó já.

"Mà, wàláhì, n ò parọ́. Síìtì ẹ̀yìn rè é."

Mama gba ọ̀kan, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Ta ló wá ń jókòó sórí eléyìí?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, Mà."

Mama rẹ́rìn-ín títí, wọ́n bọ́ awò wọn, wọ́n nu ojú. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ló ṣe ẹ́ tí o ò fi sọ pé ti ẹ́ńjìnnì?"

"Mo rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ ni, Mà."

"Ó dáa, dìde. Mo gbà pé o ò parọ́. Ṣùgbọ́n etí mi ló gbà á. Ó ku ìbàdí. Ìbàdí mi ni yóò sọ ọkọ̀ tí màá máa wọ̀."

Ilẹ̀ mọ́. Mama bọ́ sẹ́yìn Máíkírà. Yésúfù wa ọkọ̀ náà bí ẹni tó ru ìkòkò omi tó kún dẹ́nu. Kò tilẹ̀ ráyè kí ihò kankan. Wọ́n kọjá Akínyẹlé, Mama ò sọ̀rọ̀. Ó wo díńgí, gèlè nìkan ló rí, nítorí Mama dorí kodò. Ara ń ro wọ́n ni, ó ń wí nínú ara rẹ̀, wọ́n kàn ń fara dà á ni. Àwọn yòókù bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì Moniya, ó sì rọra wa Mama dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ó dúró. Ó paná. Kò lè wẹ̀yìn.

Nígbà náà ni ohùn Mama dún lẹ́yìn rẹ̀, ó wúwo fún oorun.

"Yésúfù, kí la tún ń dúró dè? Ṣé èrò ò tíì pé ni?"