Àwọn Ọkọ̀ Òfurufú Bọ̀ọ̀dá Akíndùró

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó rọ́bà tútù kún bàjẹ́ síwájú ilé mi ní Okitipupa. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì gbóòórùn rọ́bà tútù rí, ẹ má sọ pé ẹ mọ òórùn burúkú. Ó máa ń rùn bí ẹran tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Gbogbo àdúgbò di imú. Ọmọ ọmọ mi sáré ti fèrèsé pa, ó ní, "Màmá àgbà, ẹ wọlé o, òórùn yìí lè dá yín dùbúlẹ̀." Mi ò wọlé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí mẹkáníìkì fi dé, mo ń fa òórùn náà símú, ó sì rẹ̀ mí, irú àárẹ̀ tí oorun kì í wò.

Oje rọ́bà ni Bọ̀ọ̀dá Akíndùró fi máa ń lẹ ìyẹ́ àwọn ọkọ̀ òfurufú rẹ̀.

Àbúrò ìyá mi ni, òun sì ni àbíkẹ́yìn ilé wọn. Àyèká ni a ń gbé nígbà náà, nínú ilé ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Ilé kékeré tí a fi páànù bo iwájú rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ewé ògùrọ̀. Lẹ́yìn ilé ni ẹkù tí a ti ń fọ epo wà, ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó sì ń yọ̀, kò sí ọmọ ilé wa tí kò ní àpá ìṣubú ibẹ̀ lórúnkún. Nínú ilé ìdáná, púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe máa ń wà lórí àjà lókè ààrò, róbótó, róbótó, èéfín á sọ ara wọn di dúdú, inú wọn á funfun. Èéfín yẹn wọ aṣọ wa, ó wọ ìwé wa. Olùkọ́ wa máa ń sọ pé òun lè fi imú mọ ìwé ẹni tí òun ń yẹ̀ wò.

Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Akíndùró ń kọ́ṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣe. Ó máa ń súfèé orin ìsìn bó bá ń ṣiṣẹ́, ìyá àgbà á ní kó jọ̀ọ́, kó dákẹ́, nítorí ẹsẹ kan náà ló ń tún sú láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n ń gba ọmọ ogun, tí ó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ ìdí ẹ́ńjìnnì, ó lọ. Kò wa ọkọ̀ òfurufú rí. Kò sì yìnbọn sí ẹnikẹ́ni. Pápá tí ọkọ̀ ti ń gbéra ni wọ́n fi í sí, ó ń bu epo sí wọn, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń bá wọn kó ẹrù sínú wọn. Ẹrù ni òun fúnra rẹ̀ máa ń pè é, kò dárúkọ mìíràn fún un.

Ogun parí, ó padà wálé pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Ariwo ẹ́ńjìnnì ti di etí rẹ̀ òsì. Kò súfèé mọ́.

Ìyá àgbà se oúnjẹ, àwọn ará ilé wá kí i kú ewu, àlùfáà ìjọ wa gbàdúrà fún un. Gbogbo wa rò pé yóò sinmi fún ìwọ̀nba ìgbà, kó wá padà sídìí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n odò ló gbà lọ. Ó gé pákó ògùrọ̀ wá, ó bó èèpo rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ gé inú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ inú pákó ògùrọ̀. Ó fúyẹ́ bí ìràwé, abẹ máa ń gbà á kọjá bí ẹni gé ẹ̀kọ. A máa ń fi kan mọ́tò fún eré, táyà rẹ̀ á wọ́, ilé rẹ̀ á wọ́, a ó sì máa fi okùn fà á kiri. Ti Bọ̀ọ̀dá kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹsẹ̀ rin gígùn àti ìbú gbogbo ọkọ̀ tó wà ní pápá wọn nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kó o sórí. Ìṣísẹ̀ kan lára ti òótọ́, ìbú èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ kan ni lára tirẹ̀. Bó bá gé ìyẹ́ tí kò bá èékánná rẹ̀ mu, ó máa jù ú sọ́nà, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣe egungun wọn, ó fi èédú àti ẹfun kùn wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ, ó máa fi okùn ìko so wọ́n rọ̀ sábẹ́ àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn á sì máa yí wọn padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí. Àgbà ọkùnrin tó ń kan ohun ìṣeré! Ọkùnrin kan tó ń ta ògógóró ládùúgbò wa máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á ní, "Akíndùró, ìgbà wo lo máa gbé mi dé Èkó?" Bọ̀ọ̀dá á yí etí tó dití sí i. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Mo gbọ́ tó ń bá ìyá mi sọ ọ́ nídìí ẹkù pé ọmọ òun lọ sógun, òun kò tíì mọ ẹni tó bọ̀. Wọ́n ti fẹ́ mú un lọ sí ilé àdúrà kan lápá Erinje, kó máa gbé ibẹ̀. Ohun tó dá wọn dúró ni pé kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ó ń jẹun, ó sì ń bá wọn fọ epo nígbà tí wọ́n bá ké sí i.

Àárín ìgbà yẹn ni Ngozi padà dé.

Èmi àti Ngozi ti jọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà nílé ìwé láti ìgbà tí a ti ń kọ a, b, d sórí síléètì. Ìyá rẹ̀ ń ta pańlá àti iyọ̀ létí títì, bàbá rẹ̀ ń ra èkùrọ́. Èdè Ìkálẹ̀ wa tí Ngozi ń sọ, bí o kò bá rí i, o kò ní mọ̀ pé ọmọ Ìgbò ni. Ó ní àbúrò kan, Emeka, tí orí rẹ̀ tóbi, tí kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn pọ̀n òun àfi èmi. Kí ogun tó bẹ́, wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n bọ̀, Ngozi ti ga, ó ti gbẹ, bàbá rẹ̀ ń tiro, Emeka kò sì sí pẹ̀lú wọn. Àwọn àgbà lọ kí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ kú ewu, ẹ kú ìrìn, ẹ dúpẹ́ pé ẹ rí ara yín." Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ owó iyọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ béèrè Emeka. N kò béèrè.

Ìyá àgbà ní kí n mú Ngozi wá gba púpurú fún ìyá rẹ̀. A ń bọ̀ láti ilé ìwé, a ń sọ̀rọ̀, a dé àtẹ̀gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́. Ngozi gbójú sókè. Kò pariwo. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fà mí wọ abẹ́ bẹ́ńṣì tí ìyá àgbà ń to ìkòkò sí, ó sì fi ara rẹ̀ bò mí mọ́lẹ̀.

"Dojú bolẹ̀," ó ń sọ létí mi. "Dojú bolẹ̀. Má gbérí."

Mo kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ìgbà tí mo gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù lẹ́yìn mi ni mo mọ̀ pé kì í ṣe eré.

Bọ̀ọ̀dá Akíndùró jáde láti inú ilé pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́. Ó wò wá. Ó wo òkè. Ó fi abẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó sì rá wọ abẹ́ bẹ́ńṣì náà títí orí rẹ̀ fi sún mọ́ tiwa.

"Ngozi," ó ní, "èwo ni nínú wọn?"

Ngozi na ìka láìwòkè. Èyí tí èédú rẹ̀ dúdú jù ni, tí ìyẹ́ rẹ̀ gùn, tí Bọ̀ọ̀dá pẹ́ lórí rẹ̀ ju gbogbo èyí tó kù lọ.

"Níbo ló ti bá yín?"

"Nínú ọjà. Màmá mi ń ra gààrí."

"Emeka ńkọ́?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí ẹnì kan dárúkọ ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Ngozi sì sọ ọ́. Abẹ́ bẹ́ńṣì ni ó ti sọ ọ́, láàárín ìkòkò, ó rọra ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ: pé Emeka jókòó sórí àpò, pé àwọn gbọ́ ìró, pé àwọn sá, pé ìyá rẹ̀ rò pé Ngozi ló di ọwọ́ ọmọ náà mú, Ngozi náà sì rò pé ìyá òun ni. Bọ̀ọ̀dá yí etí rẹ̀ tó ń gbọ́ sí i.

"Èmi ni mo máa ń bu epo sí irú rẹ̀," ó ní. "Mo máa ń fọ̀ ọ́. Bó bá gbéra, a máa ń pàtẹ́wọ́. Bóyá èyí tí mo fọ̀ kọ́ ló wá bá yín. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni."

Láti ilé ìdáná, ìyá àgbà ń pariwo pé, "Kí lẹ ń wá lábẹ́ bẹ́ńṣì? Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ ìkòkò mi ni?"

Bọ̀ọ̀dá já gbogbo ọkọ̀ náà wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé wọn wọ yàrá. Lẹ́yìn náà ó bá wa lọ sílé Ngozi. Ìyá rẹ̀ ń ya egungun pańlá níwájú ilé. Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó sì sọ iṣẹ́ tó ṣe nígbà ogun fún un. Ìyá Ngozi kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró títí tó fi sọ ọ́ tán.

"Dìde," ó ní. "Bí gbogbo ẹni tó bá ogun yẹn ṣiṣẹ́ bá ń dọ̀bálẹ̀, ta ni yóò ṣẹ́kù tí yóò dúró?"

Kò sọ pé òun dárí jì í. Kò sì sọ pé òun ò dárí jì í. Ó ti àpótí kan sí i, ó ní kí Ngozi bu omi wá. Bọ̀ọ̀dá mu omi náà. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ya egungun ẹja.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá kí Ngozi tó tún wá sílé wa. Ó wọlé tààrà lọ bá a.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ lè kan èyí tí kì í ju nǹkan sílẹ̀?"

Ó ní òun kò mọ irú ìyẹn. Èmi ni mo sọ fún un pé ó wà, pé àwọn òyìnbó ti wọ nǹkan kan dé inú òṣùpá, pé olùkọ́ wa lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì. Ẹnu yà á. Wọ́n ti lọ sí òṣùpá, wọ́n sì ti bọ̀, nígbà tí òun wà níbi tí òun ti ń bu epo, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ìyá àgbà ní irọ́ ni. Ó ní bí wọ́n bá lọ, ta ló wà nísàlẹ̀ tó bá wọn di àkàbà mú?

Àwa mẹ́ta la jọ kan án. Bọ̀ọ̀dá ni ó ni abẹ, èmi ni mo mọ àwòrán rẹ̀, Ngozi ni ó ń pàṣẹ. Iṣẹ́ náà nira fún Bọ̀ọ̀dá, ó ń sọ pé òun kò fẹsẹ̀ rin yí i ká rí, báwo ni òun yóò ṣe mọ bó ṣe tóbi tó? Ngozi ní kó ṣáà ṣe é kó tóbi. A fi agolo mílíìkì ṣe ìdí rẹ̀, a ṣa páálí sìgá níwájú ṣọ́ọ̀bù, a fi bébà dídán inú wọn wé e. Oje rọ́bà rùn débi pé ìyá mi lé wa jáde kúrò nínú ilé. Ngozi ní kí ó ní fèrèsé, kí ó sì ní àga kan nínú. Mo mọ amọ̀ sí ènìyàn, mo fẹ́ gbé e sórí àga náà, Ngozi gbà á lọ́wọ́ mi.

"Má fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀," ó ní.

Ó wọ́. Ó burẹ́wà, kí n má parọ́. Bọ̀ọ̀dá tó máa ń ju ìyẹ́ tó yàtọ̀ díẹ̀ sọ́nà wò ó títí, ó ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ á fẹ́ kí n sọ pé ara rẹ̀ dá láti ọjọ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń dá rọ́bà fún àwọn olóko ní Ìjù-Odò, ó ń jẹun lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fẹ́ ìyàwó nígbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ṣùgbọ́n bí àrá bá sán, ó máa ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á wọlé, á jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ orí kò mú un kúrò lára rẹ̀. Ngozi parí ilé ìwé, àwọn òbí rẹ̀ kó padà sí ìlú wọn, òun náà lọ́kọ níbẹ̀.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá kú, Ngozi wọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá sìnkú rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin tó ń tẹ ọ̀pá. Àwọn ọmọ òkú bi í bó ṣe mọ bàbá àwọn. Ó ní, "Gbogbo ènìyàn ló sọ pé kí n gbàgbé. Bàbá yín nìkan ló bi mí pé èwo ni."

Irà tí a ti ń gé ògùrọ̀ ti di ilé. Ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ọmọ mi lónìí, ike ni, ó ń tan iná, ó ń ké, kò sẹ́ni tí yóò rántí rẹ̀ bí ọdún bá yí. Wọn kò sọ fún wọn nílé ìwé pé ogun kan jà. Ìgbà mìíràn n kò tilẹ̀ lágbára láti sọ ọ́, nítorí ibi tí ìtàn ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ti jìnnà. Ohun tó kù ni àwa díẹ̀ tí a ṣì mọ orúkọ àwọn tí kò bọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú yẹn, èmi àti Ngozi jókòó sẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ wa wú, a jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ màrúgbó. Ó ní bí Emeka bá wà láyé, irun rẹ̀ ì bá ti funfun báyìí. Mo ní irun wo? Mo ní á ti pá, nítorí bàbá wọn pá, orí yẹn sì tóbi, á máa dán bí agbada tuntun. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn náà ó rẹ̀ wá, a sì sùn lọ lórí àga níbẹ̀.