Ọ̀nà Òkúta Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná, ẹ̀yìn ń ro mí. Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n máa ń fá orí mi nítorí làpálàpá, ẹ̀yìnkùlé wa ní Sábọ̀n Gàrí níbí kò rí bí ẹ ṣe ń wò ó yìí. Ọgbà ẹ̀fọ́ màmá mi ló wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀: ṣọkọ, ilá, ata, àti ewé kíkan tí wọ́n ń pè ní yákùwá, tó kọ́ láti gbìn lọ́dọ̀ àwọn Hausa aládùúgbò wa. Ibẹ̀ ló ti máa ń kọ orin ìjọ. Ibẹ̀ náà ló ti máa ń sunkún tí nǹkan bá dùn ún, torí yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa háyà.

Àìsàn wá dá a dúbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, wíwọ́ ló ń wọ́ ọ. Òjò dé, ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Ó gbìyànjú láti lọ wo ilá rẹ̀, ó sì ṣubú. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i nílẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Lọ pe bàbá ẹ." Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí, tó ń wo ọgbà lókèèrè. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Bàbá mi kì í ṣe bíríkìlà. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe létí títì láti àárọ̀ dalẹ́. Síbẹ̀ ó bẹ ọkùnrin Hausa kan tó ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kó òkúta pé kó máa já díẹ̀díẹ̀ fún wa. Tí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò gbẹ́ ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ọgbà, yóò da yanrìn sí i, yóò gbé òkúta pẹlẹbẹ lé e, yóò fi ọmọ odó gún un mọ́lẹ̀, yóò wá ní kí n dúró lé e.

"Ṣé ó ń mì?"

"Ó ń mì, Bàbá."

Yóò hú u, yóò tún un tẹ́.

Bàbá àgbà kan nínú ìjọ wa dúró tì wá. "Arákùnrin, ilé onílé nìyí o, ìlú onílùú sì ni. Ẹ fi okun yín pamọ́ fún ilé tí ẹ máa kọ́ ní Ọ̀ffà."

Bàbá mi kò gbé orí sókè. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹsẹ̀ ìyàwó mi ò sí ní Ọ̀ffà."

Òjò ńlá kan gbá ìdajì iṣẹ́ náà lọ. Mo rí bàbá mi tó jókòó sínú ẹrẹ̀, tó gbé orí lé orúnkún. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Màmá mi sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ fi sílẹ̀. Ó tó." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé e dìde. Ó tún mú ọkọ́.

Ọjọ́ ìsinmi kan tí ọ̀nà náà ti parí, lẹ́yìn ìsìn, màmá mi fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, ó fi ìkejì di èjìká mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo, mo rò pé a óò ṣubú pọ̀ ni. Àmọ́ kò sí òkúta tó mì. Nígbà tó dé ọgbà, koríko ti bo ilá mọ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa koríko kan tu, ó wá yíjú sí bàbá mi: "Ẹ ò wá lè bá mi ro ọgbà ni?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni màmá mi fi rin ọ̀nà yẹn kó tó sùn nínú Olúwa.

Àwọn méjèèjì ti lọ. Èmi àti ọkọ mi ra ilé náà nígbà tó yá, òun náà sì ti lọ. Ọjà Yankaba ni a ti ń ra ẹ̀fọ́ báyìí. Hausa ni àwọn ọmọ-ọmọ mi fi ń dá mi lóhùn, n kò sì lágbára àtibá wọn jiyàn mọ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọmọ mi tó wà ní Èkó pè mí lórí fóònù pé òun ń rán àwọn òṣìṣẹ́ wá fi sìmẹ́ńtì tẹ́ gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ dáadáa ni, mo súre fún un. Wọ́n dé láàárọ̀, ọ̀sán ò tíì pọ́n tí wọ́n fi parí. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán, òkúta bàbá mi sì ti wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n dágbére fún mi ní Hausa pé, "Mama, sai an jima," wọ́n sì lọ. Wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún; bàbá mi mọ ẹsẹ̀ tó ń tẹ́ òkúta fún.